SALÁÀDÌ ẸJA TI ÌSỌ̀ AMẸ́RÍKÀ: BÍ A ṢE LÈ ṢE É NÍLÉ FÚN ỌMỌ WA

Ẹ̀kọ́ ilé ìdáná ti ìgbà yìí yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí a máa ń ṣe. Kì í ṣe ọbẹ̀, kì í ṣe àkàrà, kì í sì í ṣe oúnjẹ ilẹ̀ wa rárá. Saláàdì ẹja tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀ oúnjẹ ní Amẹ́ríkà ni. A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe tìtorí pé oúnjẹ òkèèrè ni kí ẹ ṣí ojú ewé yìí kọjá. Ìdí pàtàkì wà tí a fi mú un wá. Ó kan ìyá, ó kan ọmọ, ó sì kan oyún inú.

OHUN TÍ Ẹ̀KỌ́ YÌÍ WÀ FÚN

Nígbà tí a bá parí ẹ̀kọ́ yìí, ó yẹ kí olúkúlùkù wa lè:
(a) sọ ohun tí ó wà nínú saláàdì náà àti ibi tí ó ti wá;
(b) ṣe é nílé, kí ó sì dùn bí ti ìsọ̀;
(d) sọ ìdí tí kò fi yẹ kí aboyún ra ti ìsọ̀ jẹ;
(e) tọ́jú rẹ̀ kí ó má ba à ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi.

1. ÌDÍ TÍ A FI MÚ Ẹ̀KỌ́ YÌÍ WÁ

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní ọmọ tàbí àbúrò ní Amẹ́ríkà. Bí ọmọ bá lóyún níbẹ̀, kì í pẹ́ tí yóò fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ pé kí ó máa bọ̀ wá bá òun tọ́jú ìkókó. Ìyá yóò di ẹ̀gúsí, yóò di èlùbọ́, yóò di ògìrì àti edé gbígbẹ sínú ẹrù. Nígbà tí ó bá dé ibẹ̀, tí ó se ọbẹ̀ tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé, ọmọ lè sọ pé, “Màmá, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ọ̀fun mi kò gbà á.” Ohun tí ọ̀fun rẹ̀ ń fẹ́ ni saláàdì funfun tí ó ní pupa díẹ̀díẹ̀ lára, èyí tí ó máa ń rà jẹ ní àbọ̀ iṣẹ́ nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú náà, tí kò tíì mọ ẹnì kan.

Kí ìyá má ṣe bínú, kí ó má sì sọ pé ọmọ òun ti di òyìnbó. Oúnjẹ tí ó gba ènìyàn là ní ìgbà ìdáwà kì í kúrò lẹ́nu bọ̀rọ̀. Àwọn kan nínú wa pàápàá tí wọ́n gbé ibẹ̀ rí, yálà wọ́n lọ kàwé ni tàbí wọ́n lọ ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mọ ohun tí à ń wí. Wọ́n ti padà wálé tipẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dárúkọ saláàdì yìí, itọ́ á yọ lẹ́nu wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ẹ̀kọ́ nìyí. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn kìlọ̀ fún àwọn aboyún pé kí wọ́n má ṣe jẹ saláàdì tí a ti pò sílẹ̀ nínú ìsọ̀, yálà ti ẹja, ti adìyẹ, ti ẹyin tàbí ti ẹran. Wọ́n ní kí aboyún tí ó bá fẹ́ jẹ ẹ́ ṣe é nílé ara rẹ̀, pẹ̀lú ìmọ́tótó. Nítorí náà, ìyá tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ti ní ohun tí ó ju “má jẹ ẹ́” lọ láti sọ fún ọmọ rẹ̀. Ó lè sọ pé, “Jókòó, màá ṣe é fún ọ.”

2. KÍ NI DELI?

Deli ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe ìsọ̀ tí ó ń ta oúnjẹ yìí. Ìkékúrú ọ̀rọ̀ delicatessen ni, èyí tí ó ti inú èdè Jámánì wá. Àwọn ará Jámánì àti àwọn Júù tí wọ́n ṣí wá sí New York láti ilẹ̀ Yúróòpù ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn àti ṣáájú ìgbà náà ni wọ́n mú irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ wá. Ẹran tí a ti sè, wàràkàṣì, ẹja iyọ̀ àti oríṣiríṣi saláàdì ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Lónìí, igun kan wà fún deli nínú ọ̀pọ̀ ṣúúpámákẹ́ẹ̀tì. Oúnjẹ á wà nínú àpótí onídígí tí ó tutù. Oníbàárà á mú nọ́ńbà, á dúró de ìgbà tirẹ̀, á sì sọ iye tí ó fẹ́. Ẹni tí ń tà á á bù ú, á gbé e sórí òṣùwọ̀n, á dì í sínú ike kékeré onídèérí. Bí àwọn tiwa ṣe ń fi kóńgò wọn ìrẹsì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ń fi ìwọ̀n pọ́n-ùn ta saláàdì.

Ohun tí ó so saláàdì yìí pọ̀ ni mayonnaise. Òróró, pupa ẹyin àti ọtí kíkan ni a ń lù pọ̀ tí ó fi ń ki. Pupa ẹyin ni kì í jẹ́ kí òróró àti omi kíkan náà pínyà. Ọkùnrin ará Jámánì kan, Richard Hellmann, ṣí deli sí New York ní ọdún 1905. Mayonnaise tí wọ́n ń ṣe nínú ìsọ̀ rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníbàárà fi ń béèrè fún un lọ́tọ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́ sínú ìgò fún títà, orúkọ rẹ̀ sì wà lára ìgò náà títí di òní.

A fẹ́ kí ẹ gbọ́ nípa obìnrin kan pẹ̀lú. Eugenia Duke, ti ìlú Greenville ní South Carolina, bẹ̀rẹ̀ sí í ta búrẹ́dì onínú fún àwọn ọmọ ogun ní bárékè kan tí ó wà nítòsí ìlú rẹ̀ ní ọdún 1917. Mayonnaise tí ó ń fi sí i ni ó gba ẹnu àwọn oníbàárà rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó yà á sọ́tọ̀, ó ń tà á nínú ìgò. Ní ọdún 1929, ó ta òwò mayonnaise náà fún ilé iṣẹ́ ńlá kan. Inú ilé ìdáná obìnrin kan ni òwò náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwa tí à ń ta ata àti òróró lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀.

3. Ẹ̀RAN ẸJA TÍ Ó DÀ BÍ AKÀN

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé akàn ni ó wà nínú saláàdì yìí, nítorí ó funfun, ó sì ní àwọ̀ pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹsẹ̀ akàn tí a bọ̀. Kì í ṣe akàn. Ẹja ni. Surimi ni orúkọ tí àwọn ará Jàpáánì ń pè é.

Ẹja tí wọ́n sábà máa ń lò ni pollock, tí ó wà lọ́pọ̀ yanturu nínú òkun tútù ní ìhà Alaska. Wọ́n á yọ egungun àti awọ rẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì fi omi tútù fọ̀ ọ́ léraléra títí ọ̀rá, ẹ̀jẹ̀ àti òórùn rẹ̀ yóò fi lọ. Ohun tí ó bá kù á funfun, á sì fà bí ìyẹ̀fun tí a pò. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ará Jàpáánì ti ń jẹ ẹja lílọ̀ tí a mọ tí a sì sè, ó ju ẹgbẹ̀rin ọdún lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ẹja lílọ̀ náà sínú yìnyín, kì í lè fà mọ́ bí ó bá yọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1960, àwọn onímọ̀ ní erékùṣù Hokkaido rí i pé bí a bá po ṣúgà mọ́ ọn kí ó tó di yìnyín, kò ní bàjẹ́. Èyí ni ó fà á tí surimi fi máa ń dùn díẹ̀ lẹ́nu títí di òní.

Ní àwọn ọdún 1970 ni àwọn ará Jàpáánì bẹ̀rẹ̀ sí í fi surimi ṣe ohun tí ó jọ akàn. Wọ́n ń po iyọ̀, funfun ẹyin, ìyẹ̀fun tí ń mú nǹkan ki àti adùn akàn mọ́ ọn. Wọ́n á tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, wọ́n á fi iná sè é, wọ́n á là á ní fọ́nránfọ́nrán, wọ́n á ká a, wọ́n á sì fi àwọ̀ pupa sí i lára. Ní àwọn ọdún 1980, ó ti kún àwọn ìsọ̀ Amẹ́ríkà, nítorí owó rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti akàn gidi. Bí saláàdì ẹja ṣe di oúnjẹ òṣìṣẹ́ nìyẹn. Ẹni tí kò lè ra akàn lè ra èyí.

Ẹ kíyè sí i pé surimi inú ọ̀rá ti jinná. Kò sí pé a tún ń bọ̀ ọ́ dandan kí a tó jẹ ẹ́.

4. ÀWỌN OHUN ÈLÒ (FÚN ÈNÌYÀN MẸ́FÀ)

Surimi tí ó jọ akàn, pọ́n-ùn kan (gíráàmù 454)
Edé tútù tí a ti bó, ìdajì pọ́n-ùn (nǹkan bí gíráàmù 225)
Sẹ́lẹ́rì, igi méjì
Àlùbọ́sà funfun tí a rẹ́ wẹ́wẹ́, ṣíbí ìjẹun méjì
Mayonnaise inú ìgò, ìdajì ife
Omi ọsàn lẹ́mọ́ọ̀nù, ṣíbí ìjẹun kan
Ṣúgà, ṣíbí tíì kan
Èlò Old Bay, ìdajì ṣíbí tíì
Ata funfun lílọ̀, ìwọ̀n táṣẹ́rẹ́

Old Bay jẹ́ àpòpọ̀ èlò tí ó ní iyọ̀ sẹ́lẹ́rì àti ata nínú. Gustav Brunn, Júù kan tí ó sá kúrò ní Jámánì lábẹ́ ìjọba Hitler, ni ó dá a sílẹ̀ ní ìlú Baltimore ní ọdún 1939, ní etí omi tí akàn pọ̀ sí. Bí a kò bá rí i rà, ata gígún díẹ̀ àti iyọ̀ díẹ̀ tó.

Ẹ má ṣe bu iyọ̀ sí i kí ẹ tó tọ́ ọ wò. Iyọ̀ wà nínú surimi, ó wà nínú mayonnaise, ó tún wà nínú Old Bay. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù márùn-ún, èyí tí kò ju ṣíbí tíì kan lọ. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ rántí èyí.

5. BÍ A ṢE Ń ṢE É

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ yín, ó kéré tán fún ogún ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ fọ pákó tí ẹ fẹ́ gé nǹkan lé, ẹ fọ ọ̀bẹ àti abọ́. Ẹ má ṣe gé ẹran tútù tàbí ẹja tútù lórí pákó kan náà.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ gbé omi oníyọ̀ díẹ̀ kaná. Nígbà tí ó bá hó, ẹ da edé sí i. Láàárín ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, yóò di pupa rẹ́súrẹ́sú, yóò sì ká kò. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kíá, ẹ dà á sínú omi yìnyín. Edé tí ó bá pẹ́ lórí iná á le bí rọ́bà. Nígbà tí ó bá tutù, ẹ gé e sí méjì tàbí mẹ́ta.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ tú surimi jáde nínú ọ̀rá, ẹ dà á sínú asẹ́, kí omi rẹ̀ ro. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ ìnuwọ́ pépà tí ó mọ́ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ibí yìí ni àṣírí saláàdì náà wà. Bí omi bá kù lára ẹja, yóò ṣàn sínú mayonnaise, saláàdì á sì di ọ̀rìnrìn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ fi ọwọ́ ya á ní fọ́nránfọ́nrán. Àwọn onídeli kì í gé gbogbo rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Wọ́n máa ń ya apá kan, wọ́n á gé apá kan, kí ó lè ní ohun tí eyín ń rí jẹ.

Bí ó bá jẹ́ aboyún ni ẹ fẹ́ ṣe é fún, ẹ jẹ́ kí a fi ààbò kún ààbò. Kí ẹ tó ya surimi náà, ẹ gbé e sínú asẹ́ lórí omi híhó, ẹ dé e, kí ooru gbà á dé inú títí yóò fi gbóná janjan. Ẹ tẹ́ ẹ sórí àwo fẹ̀ẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn náà, kí ó lè yára tutù nínú fíríìjì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ fọ sẹ́lẹ́rì dáadáa lábẹ́ omi tí ń ṣàn, nítorí iyẹ̀pẹ̀ máa ń wà nínú kòtò ara rẹ̀. Ẹ bó okùn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ wá rẹ́ ẹ tín-ín-rín. Òun ni ó ń ró kàrà-kàrà lẹ́nu. Ẹ gún omi ata tàbí omi kankan mọ́ ọn kọ́. Ẹ nù ún gbẹ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Nínú abọ́ ńlá, ẹ po mayonnaise, omi lẹ́mọ́ọ̀nù, ṣúgà, Old Bay àti ata funfun pọ̀. Ẹ tọ́ ọ wò. Ó yẹ kí ó kan díẹ̀, kí ó sì dùn díẹ̀. Ṣúgà ṣíbí tíì kan yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé, tí wọ́n á wá máa sọ pé kò dà bí ti ìsọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ da àlùbọ́sà àti sẹ́lẹ́rì sí i, ẹ rò ó. Ẹ wá da surimi àti edé sí i kẹ́yìn. Ẹ fi ṣíbí igi gbé e láti ìsàlẹ̀ wá sókè, kí ẹja má ba à rún. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ dé abọ́ náà, ẹ gbé e sínú fíríìjì fún wákàtí méjì ó kéré tán. Bí ẹ bá lè fi sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin, ó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àkókò yìí ni ẹja yóò fa adùn mayonnaise àti àlùbọ́sà mu. Èyí tí ẹ bá jẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kò ní dùn tó. Bí ẹ bá fẹ́ bù ú, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.

A lè fi í sínú búrẹ́dì roboto, a lè bù ú lé ewé lẹ́túùsì, a lè gbẹ́ inú tòmátì ńlá kí a bù ú sí i, a sì lè fi bisikíìtì oníyọ̀ jẹ ẹ́.

6. ÌDÍ TÍ ABOYÚN FI NÍ LÁTI ṢỌ́RA

Kòkòrò àrùn kan wà tí à ń pè ní Listeria. Ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn ni òtútù fíríìjì máa ń dá dúró, ṣùgbọ́n èyí lè máa pọ̀ sí i nínú òtútù. Nínú ìsọ̀, ṣíbí kan náà lè wọ inú abọ́ púpọ̀, ọ̀bẹ tí a fi gé ẹran lè kan nǹkan mìíràn, saláàdì sì lè wà nínú àpótí fún ọjọ́ púpọ̀. Oníbàárà kò lè fi ojú rí i, kò lè fi imú gbọ́ òórùn rẹ̀, kò sì lè mọ̀ ọ́n lẹ́nu.

Ara líle lè jẹ ẹ́ kí ó má mọ nǹkan kan lára. Ṣùgbọ́n ó máa ń rọrùn fún àrùn yìí láti mú aboyún ju ẹlòmíràn lọ. Ìyá lè rò pé ibà lásán ni, pé ara ń ro òun, nígbà tí àrùn náà sì ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú. Ó lè mú kí oyún wálẹ̀, ó lè mú kí a bí òkú ọmọ, ó sì lè mú kí ìkókó ṣàìsàn gidigidi. Bí aboyún bá jẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ tí ibà sì mú un lẹ́yìn náà, kí ó lọ rí dókítà, kí ó sì sọ ohun tí ó jẹ fún un. Àrùn náà lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí ó tó fara hàn, nítorí náà kí ó má ṣe sọ pé ó ti pẹ́ tí òun jẹ ẹ́. Oògùn wà fún un bí a bá tètè mọ̀. Àwọn àgbàlagbà tí ọjọ́ orí wọn ti gòkè àti àwọn tí àìsàn ti sọ ara wọn di aláìlágbára gbọ́dọ̀ ṣọ́ra bákan náà.

Kí a má ṣe wá tìtorí èyí sọ fún aboyún pé kí ó má jẹ ẹja mọ́. Ẹja dára fún un, ó sì dára fún ọpọlọ ọmọ inú. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ka pollock, edé àti akàn mọ́ àwọn èyí tí ó dára jù fún aboyún, nítorí májèlé mercury kò pọ̀ lára wọn. Wọ́n ní kí ó jẹ ìwọ̀n 2 sí 3 lọ́sẹ̀, kí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 113. Bí a bá pín ohun tí a kọ sókè yìí sí ọ̀nà mẹ́fà, ìpín kọ̀ọ̀kan ní surimi àti edé tí ó wọn nǹkan bí gíráàmù 113.

7. ÀWỌN TÍ ARA WỌN KỌ̀ Ọ́

Ẹlòmíràn wà tí ara rẹ̀ kì í gba akàn tàbí edé. Bí ó bá jẹ ẹ́, ètè rẹ̀ á wú, ara rẹ̀ á sú, ọ̀fun rẹ̀ sì lè dí tí èémí kò fi ní gba ibẹ̀ kọjá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè gbọ́ pé surimi kì í ṣe akàn, kí ó sì rò pé kò léwu fún òun. Ewu wà níbẹ̀. Wọ́n lè ti fi omi akàn gidi sí i fún adùn. Ẹja ni òun fúnra rẹ̀, àlìkámà sì máa ń wà nínú rẹ̀ àti funfun ẹyin.

Òfin kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2004 pàṣẹ pé kí àwọn tí ń ṣe oúnjẹ kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ara ọ̀rá kedere. Kí a máa kà á. Bí a bá sì gbé saláàdì yìí lọ síbi àpèjẹ, kí a kọ ọ́ sí pépà kékeré níwájú abọ́ náà pé ẹja, edé, ẹyin àti àlìkámà wà nínú rẹ̀. Àlejò tí kò béèrè lè jẹ́ ẹni tí kò mọ̀.

8. BÍ A ṢE Ń TỌ́JÚ RẸ̀

(a) Kí fíríìjì tutù dé ìwọ̀n 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius tàbí kí ó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ.
(b) Saláàdì yìí kò gbọdọ̀ wà níta fún ju wákàtí méjì lọ. Bí ooru ibẹ̀ bá ju ìwọ̀n 32 lọ, kò gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ooru Èkó àti Ìbàdàn ní oṣù kẹta, ẹ ti mọ èyí tí ó kàn yín. Nígbà àpèjẹ, ẹ gbé abọ́ rẹ̀ lé inú abọ́ yìnyín, kí ẹ sì máa bù ú síta díẹ̀díẹ̀.
(d) Ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ti aboyún, ẹ ṣe ìwọ̀nba tí yóò jẹ tán ní ọjọ́ náà.
(e) Ẹ má ṣe gbé e sínú ìdì-yìnyín. Mayonnaise á pínyà, òróró á yọ lọ́tọ̀.
(ẹ) Bí iná mọ̀nàmọ́ná bá lọ, fíríìjì tí a kò ṣí lè pa òtútù mọ́ fún nǹkan bí wákàtí mẹ́rin. Bí iná bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ da saláàdì náà nù. Ẹ má ṣe tọ́ ọ wò láti mọ̀ bóyá ó ti bàjẹ́.

Àwọn ènìyàn sábà máa ń di ẹ̀bi ru mayonnaise. Mayonnaise inú ìgò ní ọtí kíkan nínú, a sì ti fi ooru pa kòkòrò ara ẹyin rẹ̀. Ẹja, edé, ọwọ́ tí kò mọ́ àti ooru ni ó sábà máa ń fa wàhálà. Èyí tí a bá fi ẹyin tútù lù nílé ni kí aboyún má jẹ.

9. FÚN ÀWA TÍ A WÀ NÍLÉ

Bí a kò bá rí surimi rà, a lè lo ẹja funfun tí ẹran rẹ̀ le. Ẹ fi ooru omi sè é títí yóò fi jinná dénú, tí yóò máa já ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Ẹ yọ egungun rẹ̀ dáadáa, ẹ jẹ́ kí ó tutù. Nítorí pé kò sí ṣúgà nínú ẹja tiwa, ẹ fi ìdajì ṣíbí tíì kún ṣúgà tí a kọ sókè. Akàn gidi tí a bọ̀ tí a tú ẹran rẹ̀ náà dára púpọ̀. Dípò sẹ́lẹ́rì, a lè lo àárín kábéèjì tí a rẹ́ tín-ín-rín. Kò ní dà bí ti deli gan-an, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti gbé ibẹ̀ rí yóò mọ̀ ọ́n lẹ́nu.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín surimi àti akàn gidi? Ta ni ìyàtọ̀ náà kàn jù?
2. Kí ni ó fà á tí fíríìjì nìkan kò fi tó láti gba aboyún lọ́wọ́ Listeria?
3. Bí ọmọ wa tí ó lóyún bá ti ra saláàdì ìsọ̀, tí ó sì ti jẹ ẹ́ kí a tó dé, kí ni a ó sọ fún un, kí ni a kò ní sọ?
4. Nínú àwọn oúnjẹ àpèjẹ tiwa, èwo ni a máa ń gbé síta ju wákàtí méjì lọ? Báwo ni a ó ṣe tún un ṣe?
5. Oúnjẹ wo ni olúkúlùkù wa jẹ ní ìgbà ìdáwà tí kò lè gbàgbé?

IṢẸ́ ÀMÚṢE

Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ènìyàn méjì tí yóò ṣe saláàdì yìí wá sí ìpàdé, kí ọ̀kan lo surimi bí a bá rí i, kí èkejì lo ẹja tiwa. Kí a gbé wọn wá nínú ike oníyìnyín, kí a kọ ohun tí ó wà nínú wọn sí iwájú abọ́, kí a sì kọ aago tí a gbé wọn síta. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtilọ bá ọmọ tọ́jú ìkókó, ẹ da ojú ewé yìí kọ, kí ẹ sì fi sínú ẹrù pẹ̀lú ẹ̀gúsí àti èlùbọ́. A kí yín pé ẹ ó bá wọn láyọ̀, ẹ ó sì gbọ́ ohùn ìyá àti tọmọ.